Bọ́jẹ́ẹ̀tì Tó Dé Fìlà

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí kì í ṣe àlá àná. Ó ti pẹ́. Bàbá Fẹ̀hìntọlá, ọkọ mi, ṣì wà láyé nígbà náà. Ìyá ọkọ mi ṣì wà, ó ń fi ọ̀pá lé adìẹ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tí a sá sóòrùn. Bàbá Agboọlá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tí eyín rẹ̀ ku méjì, òun náà wà. Òun àti ọkọ mi wà lára àwọn àgbà Ẹgbẹ́ Dìímú nílùú wa, ẹgbẹ́ tí kì í fẹ́ kí ìjọba náwó sí ohun tuntun kankan. Ọkọ mi ló dàgbà jù nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ tí mo ń wí yìí, rédíò sọ pé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wọn ti bá ìjọba ṣe àdéhùn lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, pé ìdajì á lọ sí iṣẹ́ ìlú, ìdajì á wà nípamọ́. Kí ni ọkọ mi gbọ́ èyí sí, ó ní wọ́n ti ta àwọn. Ó ní bí ìpàdé káńsù bá dé lọ́jọ́bọ̀, òun ò ní fọwọ́ sí i láé. Bẹ́ẹ̀ ìdajì tí wọ́n fẹ́ ná yẹn ni wọ́n fẹ́ fi kan òrùlé ilé ìgbẹ̀bí wa tí ìjì ti ṣí, oyún Fẹ̀hìntọlá ọmọ wa sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Mo lọ sùn.

Ni mo bá rí i pé oòrùn ti yọ, ilé káńsù sì léfòó lófuurufú. Wọ́n fi okùn ewúrẹ́ so ó mọ́ igi òdán kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sílùú kejì. Mo ní kò burú. Mo ká ìró mi sókè, mo di okùn mú, mo gòkè. Àga tí mo fẹ́ jókòó lé kí mi, ó ní kí n rọra, ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, mo dúró lórí ìdúró.

Orí tábìlì ni bọ́jẹ́ẹ̀tì wà. Iṣu sísè ni, odindi, ó ń rú èéfín, ó sì dé fìlà bí ọkọ ìyàwó. Alága káńsù ní kí wọ́n gé e sí méjì, kí wọ́n jẹ ìdajì, kí wọ́n kó ìdajì pamọ́. Bàbá Agboọlá ní rárá, odindi ni kí wọ́n gbé wọ àká, kí wọ́n gbìn ín bí òjò bá dé.

Iṣu wò ó. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti sè mí o."

"Ìyẹn ò ní kó o má hù," ni Bàbá Agboọlá dá a lóhùn. "Láyé àwọn baba wa, iṣu tó bá ti gbọ́ràn ń hù."

Àwọn àgbà yòókù ní òótọ́ ni. Èmi náà rò ó, mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Nísàlẹ̀, Fẹ̀hìntọlá wà lórí ẹní nínú ilé ìgbẹ̀bí tí kò lórùlé, ó ń rọbí, òjò sì ń ṣú bọ̀. Ó gbójú sókè, ó bi mí bóyá wọ́n ti ń parí. Mo ní wọ́n ṣì ń kí ara wọn.

Ni Alága bá mú ọ̀bẹ, ó gé iṣu sí méjì, ó sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àbúrò ní í pín, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Ẹni tó pín ní í mú kẹ́yìn, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tọ́. Gbogbo àgbà dìde. Ọkọ mi ní, "Alága, o pín in, o tún mú?" Ojú ti Alága débi pé ó di òbúkọ lójú ẹsẹ̀, tòun ti awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ìpàdé. Akọ̀wé ń bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ fi ojú ewé tí wọ́n kọ déètì sí sílẹ̀. Iṣu lẹ̀ mọ́ra padà, ó tún fìlà rẹ̀ tò.

"Ta ló kéré jù níbí?" ni iṣu bi wọ́n. "Kó wá pín mi kí n tó tutù."

Akọ̀wé tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún ń wúkọ́ bí arúgbó. Mo ní èmi ni, ìyàwó ilé ni mí.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín, mo mọ ọkọ mi. Nínú ilé, ẹran tó tóbi jù nínú àwo, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lójú ìta, ó lè febi kú kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀kánjúà. Mo gé apá kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn, mo gé èkejì bí àtàǹpàkò. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Ẹ mú èyí tí ẹ ó kó pamọ́, kí èyí tó kù jẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí."

Ó wo ńlá, ó wo kékeré, ó wo àwọn èèyàn. Òbúkọ náà dáwọ́ ìwé jíjẹ dúró. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ta sí mi lọ́rùn. Ọkọ mi mú kékeré.

Ẹgbẹ́ Dìímú pàtẹ́wọ́, wọ́n láwọn ti borí, pé ìjọba ò rí àwọn rẹ́ jẹ. Bàbá Agboọlá gba kékeré náà lọ́wọ́ ọkọ mi, ó tì í bọ àpò rẹ̀, ó ní ó máa hù. Apá ńlá ṣí fìlà, ó bá okùn sọ̀ kalẹ̀, ó gun orí ilé ìgbẹ̀bí, ó nà gbalaja síbẹ̀. Òjò dé. Kò kán sí ọmọ mi lára. Mo gbọ́ igbe ìkókó.

Mo jí, àṣé àkùkọ ló ń kọ. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti se iṣu, torí ìyá rẹ̀ ti ní ebi ń pa òun. Mo rọ́ àlá náà fún un látòkèdélẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu tó wà nínú àwo wa sí méjì, ó tì í sí mi.

"Mú."

Mo ní àgbà kì í pín.

"Mo ti gbọ́. Mú."

Mo mú ńlá. Ó jẹ tirẹ̀, ó wọṣọ, ó lọ sípàdé Ọjọ́bọ̀, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n kan òrùlé náà, Fẹ̀hìntọlá sì bímọ sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Agboọlá ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, àfìgbà tí ìyàwó ọmọ tirẹ̀ náà bímọ lábẹ́ òrùlé ọ̀hún.

Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ló ń gé iṣu nílé wa, èmi ló ń kọ́kọ́ mú. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà iṣu tuntun, tó gé e sí méjì, tí mo mú tèmi, tí òun ò mú tirẹ̀ mọ́.