Ìhà Ọ̀tún Ọ̀pá Irin

Ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin méjì, Alágbàfọ̀ àti Tíṣà, fi jọ ń gbé irin ní jíìmù kan náà, lórí ọ̀pá kan náà. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kún ẹrù ọ̀pá, Alágbàfọ̀ á mú àwo irin kan, á tì í bọ ìhà òsì. Tíṣà á mú ìkejì rẹ̀, á tì í bọ ìhà ọ̀tún. Ẹnì kan kì í bi ẹnì kejì pé mélòó ni ká fi sí i. Bí ọ̀kan bá ń gbé e, èkejì á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa bá a kà á sókè. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sọ wọ́n ní tọkọtaya, wọ́n ní àwọn kò kàn tíì mọ èwo ni ọkọ. Tíṣà á ní ẹni tó bá lè gbé ohun tí àwọn ń gbé ni kó wá béèrè.

Nígbà tí iṣan èjìká ọ̀tún Alágbàfọ̀ máa já, kì í ṣe irin ló já a. Àpò aṣọ ibùsùn tí òtẹ́ẹ̀lì kan kó wá fún fífọ̀ ló fẹ́ gbé sórí tábìlì, ló bá gbọ́ tí nǹkan dún nínú ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ọ̀nà jíjìn, rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù kó tó rántí káàánú. Ó ní obìnrin tó ń gbé ọgọ́ta kílò kọjá orí, bẹ́ẹ̀dìsíìtì ló wá dá a wó. Òun náà bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí àpò náà, ó sì sunkún.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Orí àga ló ń sùn, nítorí kò lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń lọ aṣọ oníbàárà, òun ló fi ń de bọ́tìnnì, òun náà ló fi ń ṣí ìwé orin láàárọ̀, á sì dá orin náà kọ láti òkè délẹ̀, ohùn kan ṣoṣo nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré apá ní ilé ìwòsàn gbà á. Ó ní kó máa fi ìka gun ògiri bí aláǹgbá. Lọ́jọ́ kìíní, ìka náà kò kọjá àyà. Ní oṣù kẹta, ó kan ìṣó tí kàlẹ́ńdà wà lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé ló sọ ọ́ fún. Ọkùnrin náà kí i kú oríire, ó wá béèrè pé ṣẹ́ẹ̀tì funfun òun dà.

Tíṣà ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ dé, ó di orí fóònù. Kò sí ìjà láàárín wọn. Ìbá tilẹ̀ sàn kí ìjà wà, nítorí wọ́n máa ń parí ìjà.

Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni obìnrin ilé ìwòsàn tó yọ̀ǹda kó padà sí jíìmù. Ọ̀pá lásán, tó jẹ́ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni kó máa gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; lẹ́yìn náà, àwo kílò márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Ó kìlọ̀ fún un pé bí ọ̀pá bá yẹ̀, kó má bá irin jìjàkadì, kó ju ọwọ́ sílẹ̀, kó sì fẹ̀yìn rìn. Ó ní bí iṣan náà bá tún já, kò sí abẹ tó máa tún un so mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣan ni Alágbàfọ̀ ń rò bó ṣe ń lọ. Àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà ló ń rò. Ó ti rí i lọ́kàn bí àwọn méjèèjì á ṣe dúró ti ọ̀pá, bí ẹni pé àná ni wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ó wọlé, ó bá Tíṣà lórí ọ̀pá wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Káfíńtà ń ti àwo bọ ìhà òsì. Tíṣà dì mọ́ Alágbàfọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbá ẹyin mọ́ra. Ìyàwó Káfíńtà kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní àwọn ti gbọ́ ìròyìn yín, mà. Wọ́n sọ fún un pé ìdíje ti ń kanlẹ̀kùn. Alágbàfọ̀ ní Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì lọ mú ọ̀pá tó wà lẹ́bàá ògiri.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbé ọ̀pá lásán níbẹ̀, tó ń retí kí wọ́n pè é. Bí Tíṣà bá rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, á dẹ etí sílẹ̀. Wọ́n ń juwọ́ sí i. Wọn kò pè é.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, ó mú àwo kílò márùn-ún, ó tì í bọ ìhà òsì, ó fi ìdè dè é. Ó wá sí àárín, ó gbàdúrà ránpẹ́, ó fa èémí sínú, ó gbé ọ̀pá náà. Bó ṣe kọjá àgbọ̀n, òsì wọlẹ̀, ọ̀tún fò sókè, ó sì fa èjìká tí wọ́n tún ṣe náà lọ. Ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn. Ariwo irin náà gba gbogbo ilé.

Tíṣà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìyàwó Káfíńtà tẹ̀ lé e. Alágbàfọ̀ gbé apá náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lọ tán. Kò sí ohun tó já.

Tíṣà wo ọ̀pá nílẹ̀. Ó rí àwo kan ṣoṣo ní òsì, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mi ò fi àwo sí ìhà yẹn rí," Alágbàfọ̀ sọ. "Ọdún mẹ́rìnlá. Mo rò pé ó ti wà níbẹ̀."

Ó wá béèrè ohun tó ti ń gbé mì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ṣé mo lè padà sọ́dọ̀ yín?"

Ìyàwó Káfíńtà ní kí Tíṣà jẹ́ kí Alágbàfọ̀ wá o, èèyàn mẹ́ta kò pọ̀ jù lórí ọ̀pá kan. Tíṣà wo ọ̀pá tiwọn lọ́hùn-ún.

"Ọgọ́ta kílò la wà, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ wà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbogbo ìgbà tó bá kàn ẹ́ la máa tú àwo sílẹ̀, ara wa á ti tutù ká tó tò ó padà. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

"Lẹ́yìn ìdíje ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìdíje, òun náà ni mo wà pẹ̀lú." Tíṣà mi orí sí ìhà ibi tí Ìyàwó Káfíńtà dúró sí. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dá wà lórí ọ̀pá yẹn lẹ́yìn tó o lọ. Mò ń yí i po bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbàgbé ìhà òsì."

Alágbàfọ̀ kò mọ èyí. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí Tíṣà fi jókòó sí yàrá rẹ̀, èjìká òun nìkan ni wọ́n ń sọ. Kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé ta ló ń dúró lẹ́yìn rẹ.

"Ṣé ó pa ẹ́ lára?" ló béèrè báyìí.

"Ó kàn bà mí lẹ́rù ni. Mo délé, mo fẹ́ pè ẹ́. Mo rò ó pé o ti sùn."

"Mi ò kì í tètè sùn nígbà yẹn."

Alágbàfọ̀ wá ní kí wọ́n máa lọ kí ara wọn tó tutù. Tíṣà fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ òsì, èyí tí kò dùn ún, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Alágbàfọ̀ gbé ọ̀pá padà sórí àgbékọ́. Ó mú àwo kejì, ó rìn yí i po lọ sí ìhà ọ̀tún, ó tì í bọ̀ ọ́. Ìdè ìhà yẹn le ju ti òsì lọ. Ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó ń fúnra rẹ̀ kà á sókè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún márààrún.

Nígbà tó ń jáde, ó bá Kóòṣì lẹ́nu ọ̀nà, àgbàlagbà tó ń kọ orúkọ àwọn tó máa lo ọ̀pá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sínú ìwé, ní méjì-méjì. Kóòṣì kọ orúkọ Alágbàfọ̀, ó sì béèrè ta ni kí òun kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kọ tèmi nìkan, sà," Alágbàfọ̀ sọ. "Ọjọ́bọ̀ ni màá wá."