Ẹni Tó Bá Máa Tà Á Ni Yóò Kọ́kọ́ Mu Ún

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn Etíkàn, níbi tí igi ògùrọ̀ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, òórùn ẹbu Olówòkéré ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín kí ẹ tó rí èéfín rẹ̀. Ògógóró ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Wọ́n ti ń sè é láti ìgbà tí Ayétòrò ṣì ń kọ́lé síbi tí òkun ti gbé lọ báyìí. Ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n ń dà sínú àgbá, wọ́n á dáná sí i nídìí, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà kọjá nínú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n rọ omi kún, ibẹ̀ ni yóò ti tutù, tí yóò máa kán tó, tó, tó sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹnu dùn ún ròfọ́ o. Ẹ lọ dúró ti iná yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ẹ tó sọ pé ó rọrùn.

Àràmídé ló ń dúró tì í. Ìyá Promise ni gbogbo abúlé ń pè é. Ọmọ ọmọ Olówòkéré ni, síbẹ̀ alágbàṣe ni nínú ẹbu bàbá ńlá rẹ̀, kò sì fẹnu kan ọtí rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó nídìí.

Olówòkéré tó dá ẹbu sílẹ̀ fi òfin kan lélẹ̀: ẹni tó bá máa tà á ni yóò kọ́kọ́ mu ún. Ọtí kankan kì í kúrò ní èbúté kí ẹni tó ni ẹbu tó mu ẹnu kan nínú rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Ó ní ẹni tó ń ta ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé mì, apànìyàn ni. Òun a mu ẹnu kan péré, a dojú ife dé orí àgbá, ó parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wakọ̀ láti Àwoyè wá ra ọtí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọtí wà lọ́dọ̀ tiwọn náà.

Nígbà tó kú, Jọọlá ọmọ rẹ̀ gba ẹbu. Háà, Jọọlá! Ènìyàn dáadáa ni, ọlọ́yàyà, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dojú ife dé. Á mu ẹnu kìíní nítorí òfin, á mu ẹnu kejì nítorí àlejò, á mu ìyókù nítorí pé ó wà níbẹ̀. Àràmídé ni ọmọ rẹ̀. Òun ló máa ń gbé e jáde nínú ọkọ̀ bó bá sùn síbẹ̀, òórùn ẹnu ọkùnrin náà á sì máa fẹ́ sí i lọ́rùn. Jọọlá ta ẹbu fún Kọ́lájọ, oníṣòwò ẹja gbígbẹ. Kò pẹ́ sí i, ọtí gbé Jọọlá fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́bàá ibojì rẹ̀ ni Àràmídé ti búra pé ògógóró kò ní kan ètè òun láéláé, ó sì pa ìbúra náà mọ́. Kọ́lájọ ń mu ẹnu kan tirẹ̀, Àràmídé ń koná, ọtí ń kán.

Nígbà tó yá, ara dá Kọ́lájọ lágara. Orúnkún ń dùn ún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn nílùú ńlá. Àràmídé kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹbu sílẹ̀ fún òun, òun á máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú ọtí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ti ìkà. Ó ní ẹni tí kò lè mu ún kò lè tà á, òfin bàbá ńlá rẹ̀ ni, kì í ṣe ti òun. Ó ní òun ti rí ẹnì kan tó máa rà á, Godwin ni wọ́n ń pè é.

Godwin wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì, ó já àgbá búlúù ńláńlá sí èbúté kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó káàbọ̀. Àràmídé bá wọn yí ọ̀kan. Ìdérí rẹ̀ ń jò, òórùn rẹ̀ sì ta á lójú. Kì í ṣe òórùn ohunkóhun tó ti inú igi jáde. Ó bi ọkùnrin náà kí ni. Godwin ò tiẹ̀ fi pamọ́. Ó ní sípírítì tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ni, omi ni wọ́n ń fi là á, wọ́n á wá da ògógóró díẹ̀ sí i kó lè máa rùn bí ọtí. Ta ló tún fẹ́ máa da ara rẹ̀ láàmú lórí igi ògùrọ̀? Orúkọ Olówòkéré ni òun yóò sì lẹ̀ mọ́ ìgò rẹ̀.

Inú bí Àràmídé. Ó sáré lọ bá Kọ́lájọ. Ìyẹn ní ohun tí ẹni tó ra nǹkan bá fi nǹkan rẹ̀ ṣe kò kan òun mọ́. Àràmídé nu ọwọ́ rẹ̀ sí etí aṣọ, ó sì padà sídìí iná. Ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

Lójú Baálẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹbu lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó ń fi í sílẹ̀ á mu nínú ọtí tó ti ń tà, ẹni tó ń gbà á á mu nínú èyí tó máa tà. Bí wọn ò bá ṣe é, kò sí adẹ́mu kan tó máa gbé ẹmu wá fún ẹni náà. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, eré àwọn àgbà ni Godwin kà á sí. Ó ti ní kí wọ́n gbé ìgò ọtí àtijọ́ kan wá fún òun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ́lájọ mu tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bu ti Godwin ni Àràmídé dìde nídìí iná, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé inú ohun tó máa tà ni ẹni tó ń gbà á ti ń mu?”

Baálẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

“Ohun tó máa tà ló wà nínú àwọn àgbá búlúù yẹn. Ẹ bu ún fún un níbẹ̀.”

Godwin ní ọgbẹ́ inú ń ṣe òun. Wọ́n ní ẹnu kan ṣoṣo ni. Ó ní wọn ò tíì là á. Wọ́n ní kó là á bó ṣe máa ń là á. Ó gba ife náà, ó wo inú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

“Èmi ò lè mu èyí,” ló sọ.

Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Baálẹ̀ ní kó rọra kó àgbá rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, kí ẹ̀kán kan má ṣe kán sínú omi táwọn ń bù mu.

Ojú Kọ́lájọ ti pọ́n kí ariwo ẹ́ńjìnnì tó lọ tán. Ó kọjú sí Àràmídé. “O ti lé ẹni tó fẹ́ gbà á lọ. Ta ló kù? Ìwọ? Ìwọ tí o kò lè fẹnu kàn án?”

Láti àárọ̀ ni Àràmídé ti mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa já sí. Ó ní kí wọ́n bu ún fún òun nínú èyí tí òun sè fúnra òun. Wọ́n bu ún. Ẹ̀rù bà á, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù pé ọtí máa jó o lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀rù pé ó lè dùn mọ́ ọn ni. Nínú ọkàn rẹ̀ ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ibojì tó búra sí, ó sì gbé e mì.

Ó jó o dé ikùn. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà gba ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde, òórùn bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀, omi sì dà lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ọtí ló le. Ọtí náà dùn mọ́ ọn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an ló ṣẹlẹ̀ yẹn.

Ẹni tó gbé ìgò dání ti tẹ̀ ẹ́ láti tún dà sí i, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún Jọọlá. Àràmídé fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife. Ó ní ó tó. Ó dojú ife dé orí àgbá, ó sì padà sídìí iná, torí iná ti ń kú lọ.

Kọ́lájọ wo ife náà títí. Ó wá ní kó máa san owó ẹbu díẹ̀díẹ̀ bó ṣe wí.

“Bàbá rẹ ò lè ṣe ìyẹn rí,” ló sọ, ó sì na kọ́kọ́rọ́ ẹbu sí i.