Ìwọ̀n Inú Yàrá Ọ̀gá Dókítà

Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́ọ̀dù náà ní, inú yàrá ọ̀gá dókítà ló sì ń gbé. Ọ̀gá ti pinnu pé ikùn òun gbọ́dọ̀ lọlẹ̀. Láràárọ̀, kó tó wọ kóòtù funfun, á bọ́ bàtà, á tú aago ọwọ́, á gun ìwọ̀n, á sì jáde tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni tó ṣẹ́gun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kílò mẹ́rin ti lọ. Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ nílé ìwòsàn náà, àfi àwọn tó wà ní mọ́ṣúárì.

Nítorí pé ọ̀gá kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ìwọ̀n náà jáde, ẹnikẹ́ni kì í wọn aláìsàn mọ́. Bí wọ́n bá fa omi sí èèyàn lára lónìí, tó bá di ọ̀la, dókítà kékeré á ṣí fáìlì, á kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: "Bí tàná." Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti kọ. Kò sì gba ìrònú.

Bàbá ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì keje. Télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú ikùn, ọ̀gá sì kọ lítà mẹ́ta omi iyọ̀ lóòjọ́ fún un, torí kò lè fẹnu mu nǹkan kan. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹta ló ti ń mu omi àti tíì fúnra rẹ̀, lítà mẹ́ta náà kò sì yẹ̀. Bí tàná, bí tàná.

"Ọmọ mi," bàbá wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó ṣánṣán, torí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí kì í délẹ̀. "Ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán kò pàdé ní ìbàdí mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di tìmùtìmù ni?"

Nọ́ọ̀sì, ọmọ rẹ̀, fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun bàbá. Ihò náà dúró síbẹ̀, kò dí. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan rí lára rẹ̀, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí ẹsẹ̀ náà fi kú. Ó mọ̀ pé omi ti ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó mọ̀ pé bí lítà mẹ́ta òní bá tún wọlé, bàbá lè má rí ọ̀la. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ nọ́ńbà fóònù.

Ó ti sọ fún dókítà kékeré lánàá. Onítọ̀hún ní, "Ọ̀gá ló kọ ọ́. Ta ni mo jẹ́ tí màá fagi lé e?" Ó sọ fún ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹsẹ̀ wú? Àgbà ni."

Kí ọ̀gá tó dé, nọ́ọ̀sì àti ìyá onígbálẹ̀ wọ yàrá ọ̀gá lọ gbé ìwọ̀n.

"Àǹtí, iṣẹ́ yìí ti sú yín nìyẹn?" ìyá náà bi í.

"Ẹ bá mi gbé e lápá ibẹ̀, mà."

Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló rí i: kò sẹ́ni lórí ìwọ̀n, síbẹ̀ ọwọ́ tó ń tọ́ka kílò dúró sí mẹ́rin nísàlẹ̀ òdo. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí i ń dán bíi kọ́bọ̀ tuntun, ọwọ́ ti bá a gbé pẹ́.

"Kílò mẹ́rin," ìyá onígbálẹ̀ wí, ó wá rọra rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mà ti rù lóòótọ́ o."

Nọ́ọ̀sì kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Bó bá tún un ṣe, wọ́n á ní òun ló bà á jẹ́.

Ọ̀gá dé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́fà. "Ta ló gbé ìwọ̀n mi jáde?"

"Èmi ni, sà. Kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ìwọ̀n yàrá iṣẹ́ abẹ pe bàbá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn."

Wọ́n ran bàbá lọ́wọ́, ó gun ìwọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

"Kílò mẹ́ta péré," ọ̀gá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ìyẹn ò tó nǹkan. Ìwọ̀n yìí kì í sì í purọ́, èmi fúnra mi ni mò ń lò ó. Ẹ máa fa omi lọ."

Ẹni tí ẹ̀rù lè bà, á dákẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá ẹ̀rù náà nínú ara rẹ̀, kò bá a nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí bàbá sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wo ọwọ́ ìwọ̀n nígbà tí kò sẹ́ni lórí ẹ̀."

Bàbá sọ̀kalẹ̀, gbogbo orí tẹ̀ wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì tó wà nísàlẹ̀ òdo sókè, "Ení, èjì..." ó bá gbé ìyókù mì.

"Mẹ́ta àti mẹ́rin, kílò méje ni, sà," nọ́ọ̀sì wí. "Lítà méje ló dúró sí wọn lára. Ó ti dé àyà."

Ọwọ́ ọ̀gá lọ sí ikùn ara rẹ̀, ó rọra ń lù ú bí ẹni ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. "Ta ló yí i bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi o," ìyá onígbálẹ̀ wí. "Ẹ ti ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí lé ẹ̀yìn bàbá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láàárín ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó dìde, ó fagi lé lítà mẹ́ta náà, ó kọ oògùn tí ń mú ni tọ̀. "Láràárọ̀ ni kí ẹ máa wọn gbogbo wọn," ó wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni tó ti ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ìgò ìtọ̀ ti kún lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀yin lẹ dà á sí mi nínú, ẹ̀yin náà lẹ ó rù ú dànù," bàbá wí. Ó fẹ̀yìn lé ìrọ̀rí kan ṣoṣo, ó sì sùn lọ pẹ̀lú ẹnu ní yíyà.

Nọ́ọ̀sì dúró, ó ń retí ayọ̀, tàbí kí omijé tilẹ̀ wá. Kò sí èyí tó wá. Ó ka iye ìtọ̀ inú ìgò, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ dà á nù. Nígbà tó padà dé, ó ka èémí bàbá fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ogún ni, ó ti wálẹ̀. Ó tún un kà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rán an.