Sípíkà Tó Kọjú sí Ìjọ

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ṣe ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí a ṣe ìkórè, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin, ní kí n dúró nígbà tí àwọn yòókù ń lọ. Tíṣà ni, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kà á lójú pátákó.

"Ìyá Ìyìn, ẹ tún pẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Mo pẹ́ kẹ̀? Ṣebí èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Gìtá yín ni mo ń sọ. Gbogbo wa ti wọ ègbè, béèsì ṣì wà lẹ́yìn, ó ń rìn bọ̀ bí ẹni tó ti oko dé."

Òótọ́ ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbé gìtá náà lọ sílé, tí mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń ta á, ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìlù bẹ̀rẹ̀, tí ìjọ ń pàtẹ́wọ́, n kì í gbọ́ ara mi mọ́. Ìka mi á máa lọ, n kò ní mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rọ ata yẹn, ó ti tó ogún ọdún tí ẹ ti ń dúró nídìí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti mú etí yín. Mo ti bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Ìjàn, Ìtùnúolúwa ni orúkọ rẹ̀. Yóò wá lọ́jọ́ ìkórè pẹ̀lú gìtá tirẹ̀. Bí tiyín bá lọ dáadáa, kó jókòó kó gbọ́ ìwàásù. Bí kò bá lọ, òun ni yóò máa ta béèsì fún wa láti ọjọ́ náà."

Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba ni mo ti ń lọ ata. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ mi ti ń ké, àwọn oníbàárà mi á sì máa pariwo kí n tó gbọ́ wọn. Nígbà tí mo ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo ń tẹ́tí sí gbogbo nǹkan. Mo gbọ́ ọ̀kadà. Mo gbọ́ ewúrẹ́. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo ti ń pàdánù tí n kò mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé béèsì kọ́ ọrùn. Ẹni tó ń ta á tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Àbújá, gìtá ṣọ́ọ̀ṣì sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní Àbámẹ́ta ni mo ń nu eruku kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni àkísà mi fa okùn tó nípọn jù, ohùn náà sì wọ̀ mí nínú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ọ. Ọdún kẹta rèé. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìyá àgbà ti di ọmọ Fújì. Mo ń ta á lọ. Kò sí ohun mìíràn láyé mi tí ó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo yàn án.

Ní Àbámẹ́ta, mo gbé gìtá náà lọ sọ́dọ̀ Bàdírù ní Fájuyì. Rédíò, ẹ̀rọ ohùn àti gìtá ni ó ń tún ṣe. Bàbá Qanitah ni mo máa ń pè é, orúkọ ọmọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí, ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò wa tí ẹrù rẹ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé ìdí gìtá sí èjìká, ó di ojú kan, ó sì wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó.

"Ìyá Ìyìn, níbo lẹ ń gbé e sí?"

"Mo ń fi í ti ògiri, nínú yàrá tí a ti ń wọ aṣọ akọrin."

"Lábẹ́ páànù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Qanitah."

"Ẹ sì ń yan án bí àgbàdo! Ẹ wò ó, ó ti tẹ̀."

Ó fi ìka tẹ okùn mọ́ irin àkọ́kọ́ lára ọrùn gìtá, ó tún tẹ ẹ́ mọ́ èyí tó kẹ́yìn, ó ní kí n wo àárín. Ó ní bébà ni ó yẹ kó ráyè kọjá lábẹ́ okùn níbẹ̀. Ti gìtá wa, igi ìṣáná kọjá níbẹ̀ láìkan nǹkan kan.

"Irin kan wà nínú ọrùn rẹ̀ tí a fi ń tọ́ ọ," ni ó wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí i. Ìdámẹ́rin àyípo kan, ẹ dúró, ẹ tún okùn ṣe sí ohùn rẹ̀, ẹ tún wò ó. Ẹ mọ béélítì ẹ̀rọ ata yín. Bó bá le jù ńkọ́?"

"Á já."

"Bó bá dẹ̀?"

"Á máa yọ̀, ata ò ní kúnná."

"Ẹ ti gbọ́ ọ tán nìyẹn."

Ó yí i, ó dúró, ó tún yí i. Ó fi okùn tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ó sì rẹ àwọn irin kéékèèké tó gbé okùn ró nídìí gìtá sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ okùn náà, ẹnu yà mí. Kò gba agbára kankan. Ṣé bí mo ṣe ń jìjàkadì fún oṣù mẹ́ta nìyí?

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ etí ṣì wà lọ́kàn mi. Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi," ni ó wí.

Mo yíjú sí títì. Àwọn awakọ̀ ń pe Ìkéré, wọ́n ń pe Ìjàn, ẹnìkan ń bú ẹnìkan nítorí àyè ìdúró. Bàdírù fa okùn gìtá lẹ́yìn mi, láìso ó mọ́ iná, jẹ́jẹ́. Mo fi ẹnu kọ ohùn náà. Ó fa òmíràn, mo kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo sọ pé, "Ìyẹn ti rẹlẹ̀ díẹ̀."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ dẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá Ìyìn, etí tó gbọ́ èyí láàárín àwọn wèrè Fájuyì yìí, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ẹ sọ fún mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, sípíkà wo ló kọjú sí yín?"

Mo ronú. "Kò sí. Èyí tó wà nílẹ̀ níwájú wa, ìjọ ló kọjú sí."

"Èyí tí wọ́n gé ní ìdagẹ̀rẹ̀, tó gbé ojú sókè?"

"Òun ni."

Ó ju sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ti olórin ni ìyẹn! Wọ́n gé e bẹ́ẹ̀ kó lè máa wo ojú ẹni tó dúró tì í. Ta ló yí i padà?"

Mo ṣàlàyé. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìdílé Adébíyìí fi sípíkà náà ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ ní ìrántí bàbá wọn tó kú. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí irin iwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a yà á sí mímọ́, Màmá Adébíyìí ní orúkọ ọkọ òun gbọ́dọ̀ kọjú sí ìjọ. Ta ni yóò bá opó jiyàn níwájú pẹpẹ? A yí i. A sì kó sípíkà àtijọ́ fún àwọn ọmọdé.

"Oṣù mẹ́ta," ni Bàdírù wí.

"Oṣù mẹ́ta," ni mo wí. Ìgbà náà gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́.

"Ohùn yín ń lọ bá ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń padà wá. Kó tó dé etí yín, ó ti rin ìrìn àjò. Òun lẹ ń tẹ̀ lé. Ẹ ò ṣe ní pẹ́?"

Ó wá kọ́ mi ní ìyókù. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn béèsì mi jáde kúrò nílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, nítorí pé etí mi kò sí ní orúnkún. Ó ní kí n má ṣe máa fi kún ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí n kò bá gbọ́ ara mi. Nínú ilé oníbíríkì, ṣe ni yóò máa dún wùùwùù. Ohùn àárín ni kí n fi kún, òun ló ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ìka wà. Ó ní kí n má sọ pé kí wọ́n kó gbogbo orin sínú sípíkà iwájú wa. Ẹni tó ń lé orin, ìlù ẹsẹ̀ àti béèsì mi ti tó.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sílé Màmá Adébíyìí. Ó jókòó sí fàráǹdà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"O fẹ́ yí orúkọ ọkọ mi sí ògiri," ni ó wí, nígbà tí mo sọ tẹnu mi tán.

"Kì í ṣe ògiri, mà. Àwa akọrin ni."

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Àwọn tó ń lu nǹkan, àwa márùn-ún."

"Ìjọ tó irínwó. O wá gba ulé mi wá, pé kí orúkọ tí irínwó ń kà di ti ẹni márùn-ún. Ṣé ata ló wọ̀ ọ́ lójú ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Mà, n kò ní kí ẹ gbà. Ẹ kàn wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ jókòó síbi tí mo ń dúró. Orin kan péré. Bí ẹ bá ní kó wà bó ṣe wà, n kò ní sọ ọ́ mọ́."

Ó ṣa ẹ̀wà títí. "Àga tó ní ìtìlẹ́yìn ni kí ẹ gbé fún mi o," ni ó wí níkẹyìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé. A gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. A bẹ̀rẹ̀ orin, sípíkà ṣì kọjú sí ìjọ. Kò pẹ́ tó fi na ọrùn sí mi.

"Kí ni wọ́n ń kọ?" ni ó pariwo.

"N kò mọ̀, mà! Bó ṣe máa ń rí fún mi nìyí!"

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé dá orin dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó yí sípíkà náà sí wa. A tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń lé orin bọ́ sí etí mi bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Mo gbọ́ ìlù ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ara mi. Nígbà tí orin parí, Màmá Adébíyìí wo sípíkà náà. Ó fi ọwọ́ lé àyà.

"Ìyá Ìyìn, iwájú pátápátá ni mo máa ń jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ohun tó wà níwájú mi nìyí, tó ń lù mí láyà kì-kì-kì láti oṣù mẹ́ta! Èmi sì ti lọ bá dókítà. Ó wò mí títí, ó ní ọkàn mi dá ṣáká, mo ní kò mọ iṣẹ́!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Òun náà rẹ́rìn-ín, títí tó fi fi gèlè nu ojú.

"Ẹ jẹ́ kó máa wo ẹ̀yin," ni ó wí. "Bàbá náà fẹ́ràn orin ju ìwàásù lọ. Bí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀, oorun ni."

Ọjọ́ ìkórè kò pẹ́ dé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Ìtùnúolúwa jókòó sí ìlà kẹta, gìtá rẹ̀ nínú àpò dúdú láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo ẹ̀rọ lórí bẹ́ǹṣì, mo tún okùn ṣe sí ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìlù sì bẹ̀rẹ̀.

Orin méjì àkọ́kọ́ lọ bí omi. Nínú ẹ̀kẹta, ìka mi bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì padà kí ìlù tó lù lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù mẹ́ta, àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ fi etí ara mi gbọ́ nìyẹn, inú mi sì dùn sí i ju orin méjì tó ti lọ dáadáa lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé wò mí. Mo tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ìjọ ń jó gbé ọrẹ wá, n kò wo ọwọ́ mi mọ́, àwọn ni mo ń wò.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìtùnúolúwa wá bá mi. Kò tíì ṣí àpò rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín tún okùn yín ṣe? Tèmi le bí irin."

Mo fi ọ̀nà Bàdírù hàn án, mo sì ní kí ó kíyè sí ibi tó ń gbé gìtá rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà ni a ṣì ń sọ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé dé, tó fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Orin Kérésìmesì ni, mẹ́rìnlá.

"Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin," ni ó wí. "Ẹ má pẹ́ o."

Mo bi í pé kíì wo, ohùn wo, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́.