Ohùn Tó Dáhùn Lórí Òkè

"Ẹ pa á! Ẹ pa sípíkà yẹn, ìyá!"

Ìyá Ẹyẹ ti pa á kí amọ̀nà tó sọ̀rọ̀ tán. Òkè pa rọ́rọ́. Láti inú igbó ṣóńṣó òkè ni ohùn kan ti dáhùn: súfèé mẹ́ta tó ń lọ sókè, ọ̀kan tó já wálẹ̀.

Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gun òkè yìí, tó ń fi sípíkà gbé ohùn ẹyẹ kan ṣoṣo jáde bóyá irú rẹ̀ á dáhùn, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń dáàbò bo ẹranko àti ẹyẹ igbó, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní òkú ló ń pè. Ọ̀la ni ọ̀gá rẹ̀ máa fọwọ́ sí ìwé pé ìran ẹyẹ náà ti run. Bó bá ti fọwọ́ sí i, àwọn tó ń fọ́ òkúta á gbé ẹ̀tù dé láti fọ́ òkè yìí, ó parí.

Ó pe ọ̀gá. "Ó dáhùn, sà! Mo gbà á sílẹ̀!"

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò ní pa mí! Fi ránṣẹ́ kíá. Ìyẹn nìkan ti tó láti lé wọn lọ."

Amọ̀nà fà á láṣọ. "Ìyá, ẹ wòkè."

Ẹyẹ dúdú kan ti bà sórí ẹ̀ka, irú èyí tó kún ẹ̀yìnkùlé gbogbo, tó máa ń sín ẹyẹ ẹlẹ́yẹ jẹ. Ó lanu. Súfèé mẹ́ta, ọ̀kan já wálẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?" Ìyá Ẹyẹ béèrè.

"Ẹ̀yin náà ni! Ọdún mọ́kànlá! Bó bá jẹ́ iléèwé ni, ì bá ti gba ìwé ẹ̀rí."

Ìyá Ẹyẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpáta. Nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

"Ẹ fi ránṣẹ́," amọ̀nà rọra sọ. "Èmi ò rí nǹkan kan."

"Èmi rí i."

"Òkè ńkọ́?"

"Bí a bá fi irọ́ gba èyí là, tí àṣírí tú, ta ló máa gbà wá gbọ́ lórí òmíràn?"

Ó tún pe ọ̀gá, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Kí n fọwọ́ sí i, àbí?" ọ̀gá béèrè.

"Sà, n kò purọ́ fún yín, ẹ̀yin náà ẹ má purọ́ fún ìwé. Ẹ kọ ọ́ pé a ò tíì rí i. Ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Ẹnu rẹ yìí!" Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Mo fún ọ ní oṣù mẹ́ta sí i. Kò sí ọjọ́ kan lé e."

Ìyá Ẹyẹ yọ bátìrì sípíkà, ó kó o lé amọ̀nà lọ́wọ́.

"Láti òní, a ò pè é mọ́. Etí la ó fi wá a."