Yàrá Tí Ṣùbúọlá Kùn ní Pupa

Ṣùbúọlá ti kun ògiri mẹ́ta tán kó tó mọ̀ pé yàrá náà ń kéré sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá onílé yan àwọ̀, ó sì mọ̀ pé pupa tó ní ooru nínú máa ń fa ògiri súnmọ́ni. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ìyẹn máa ń tàn jẹ. Èyí ń rìn. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nílẹ̀ bí arúgbó.

Bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé jókòó sórí àga láàárín yàrá, ó ń gbọ̀n. Òun ló ní kó wá fi pupa kun yàrá náà kó lè gbóná.

"Ó ṣì tutù," ni bàbá wí. "Fi epo díẹ̀ sí i."

Ó bu epo pupa sínú ọ̀dà, ó rò ó pọ̀, ó sì pọ́n bí ẹyin iná. Bó ṣe ń kùn ún, bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ògiri tún sún.

Nígbà tó fẹ́ jáde, ó rí i pé òun ti kun ilẹ̀kùn mọ́ ògiri. Ó fọwọ́ wá etí ilẹ̀kùn náà títí, gbogbo rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́. Tọ́mi ọmọ rẹ̀ ń kànkùn láti òdìkejì.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ò tíì ṣe tán ni?"

"Mò ń bọ̀." Ọ̀dà gbé ohùn náà mì.

Ó da ọ̀dà funfun sínú korobá, ó sì fi kun ògiri, torí funfun máa ń lé ògiri sẹ́yìn. Ògiri padà sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn.

"Ṣùbú, ṣé inú òtútù lo fẹ́ fi mí sí?"

Àánú rẹ̀ ṣe é, inú sì tún bí i. "Bàbá, ọmọ mi ń dúró dè mí níta."

"Èmi náà, ọmọ mi ni mò ń dúró dè."

Nígbà náà ni ògiri yára padà wá, ó kàn án lẹ́yìn. Kò sí àyè láti nàró. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ pupa tó kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun bàbá fúnra rẹ̀, láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè, bí ìgbà tí wọ́n ń fi osùn pa ọmọ tuntun lára. Ara náà ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ọrùn, bàbá di ojú.

"Ó tó," ló wí.

Ṣùbúọlá kun ojú náà pẹ̀lú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti dúró.

Àga ṣófo. Ògiri kò sún mọ́, kò sì padà sẹ́yìn. Kò rí ilẹ̀kùn, kò sì gbúròó Tọ́mi mọ́. Fèrèsé kan là níwájú rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fi ojú kan wò ó. Pápá ló wà níta, lékeléke sì kún un bámú, gbogbo wọn pupa bí ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọjú sí i, kò sí èyí tó ṣẹ́jú nínú wọn.