Irùngbọ̀n Garrett

Ọjọ́ tí Josie kú nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan tí a máa ń wò ni Garrett ti búra pé òun ò ní fá irùngbọ̀n òun títí ọmọbìnrin náà yóò fi jí dìde. Irùngbọ̀n ọ̀hún ti dé àyà báyìí. Ìgbéyàwó òun àti Colleen ku ọjọ́ díẹ̀, Colleen sì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fá a nítorí fọ́tò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí apá ìkẹyìn eré náà bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì àti èmi ọ̀rẹ́ wọn kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé Garrett ní Toledo, a ń jẹ písà. Lójijì, Josie sọ̀rọ̀ nínú rédíò ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

Garrett fò sókè. "Ó ti jí! Ẹ gbé abẹ wá!"

"Jókòó, òbúkọ," ni mo wí. "Ohùn lásán nìyẹn. Ṣé òkú ò lè sọ̀rọ̀ ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Colleen, ìfẹ́ mi, dá wa lẹ́jọ́."

Colleen já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ mi, ó dá eré náà padà, ó tún un gbọ́ léraléra.

"Rárá," ló wí. "Àfi tí mo bá fojú ara mi rí i."

"A ó ti ṣègbéyàwó kí wọ́n tó gbé ìyókù apá yìí jáde!" ni Garrett figbe ta.

"Gbé irùngbọ̀n ọ̀hún wọ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fẹ́ ọkọ tó máa da Josie." Ó ki písà bọnu. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa wò ó lọ, jàre!"